Orúkọ àìsàn kọ́ ni OET ń bi yín

Ẹ dé àárín àwọn nọ́ọ̀sì tó fẹ́ jápa, tí wọ́n ń múra fún OET, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ ó gbọ́ ọ: "Gẹ̀ẹ́sì ìṣègùn kẹ̀? Ká ṣáà ti há orúkọ àìsàn sórí. Ṣebí Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n fi kọ́ wa níléèwé." Ni wọ́n á bá ra ìwé atúmọ̀ èdè ìṣègùn tó tóbi bíi bíríkì. Pé NMC, àjọ tó ń forúkọ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, kò ka Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè elédè Gẹ̀ẹ́sì, ó ń bí èmi náà nínú, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Àkọ́sórí yìí ló ń jẹ owó ìdánwò àwọn èèyàn gbé.

Ẹ wo apá ọ̀rọ̀ sísọ. Wọ́n á fún yín ní káàdì, ẹ ó fi ìṣẹ́jú 3 wò ó, ẹ ó sì bá ẹnì kan tó ń ṣe bí aláìsàn sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ó ṣe é. Ká ní káàdì sọ pé bàbá awakọ̀ kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sì lo oògùn rẹ̀ mọ́. Alákọ̀ọ́sórí á ki "hypertension" mọ́lẹ̀, á fi "cerebrovascular accident" (ìyẹn rọpárọsẹ̀) lé e. Bàbá á kàn máa wò ó ni. Máàkì ti ń lọ nìyẹn, torí wọ́n ń wò ó bóyá ẹ lè sọ ọ̀rọ̀ ìṣègùn kó yé ẹni tí kò kọ́ ọ. Láti 2018 ni wọ́n sì ti ń fi máàkì sí bí ẹ ṣe ń fetí sí aláìsàn, tí ẹ sì ń gba tirẹ̀ rò.

Kí ló yẹ kí ẹ ṣe? Ẹ bi bàbá ìdí tí kò fi lò ó. Ó lè sọ pé oògùn náà ń mú òun tọ̀ ṣáá, òun ò sì lè máa páàkì lójú ọ̀nà ní gbogbo ìgbà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bá a lọ: aago mélòó ló ń lò ó? Ṣé ó gbà kí ẹ bá dókítà sọ ọ́, bóyá wọ́n lè yí àkókò rẹ̀ padà? "Water tablet" tó láti pe oògùn náà. (Ẹni tó ń ṣe aláìsàn yẹn kọ́ ló ń fúnni ní máàkì o. Wọ́n ń gba ohùn yín sílẹ̀ fún àwọn mìíràn láti gbọ́.)

Lẹ́tà ńkọ́? Orúkọ àìsàn wúlò níbẹ̀, ẹlẹgbẹ́ yín ló sábà máa ń kà á. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ máa yọ kúrò ló le jù. Ìṣẹ́jú 45 lẹ ní, 5 àkọ́kọ́ fún kíkà nìkan, ọ̀rọ̀ 180 sí 200 ni wọ́n sì ní kó jẹ́. Bí ẹ bá ń kọ̀wé sí nọ́ọ̀sì tí yóò máa tọ́jú ìyá arúgbó kan nílé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìbàdí, kò kàn án pé wọ́n yọ appendix rẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Pé ìyá ń dá gbé, tí ilé rẹ̀ sì ní àtẹ̀gùn, ìyẹn kàn án gan-an.

Máàkì B ni NMC ń béèrè nínú kíkà, gbígbọ́ àti sísọ, C+ nínú lẹ́tà. Ẹ wá aládùúgbò tí kò mọ nǹkan kan nípa ìṣègùn, ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ ríru fún un, kó sì máa bá yín jiyàn.