Rohingya kì í ṣe ará Bangladesh tó ṣáko lọ sí Bọ́mà

Ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn Mùsùlùmí Rohingya bá ti délẹ̀, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ pé, "Ṣebí ará Bangladesh ni wọ́n? Bọ́mà kàn lé wọn padà sílé ni." Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe ìkà èèyàn. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ológun tó ń ṣèjọba Myanmar, bí Bọ́mà ṣe ń jẹ́ báyìí, fẹ́ kí gbogbo ayé máa sọ náà nìyẹn. Irọ́ ni, irọ́ tó ń pààyàn sì ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọdún. Kò sí orílẹ̀-èdè kankan tó ń jẹ́ Bangladesh ṣáájú 1971. Ní 1799, oníṣègùn òyìnbó kan tó ń jẹ́ Francis Buchanan kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn Mùsùlùmí kan ti ń gbé Arakan láti ìgbà pípẹ́, wọ́n sì ń pe ara wọn ní "Rooinga". Arakan yìí ni wọ́n ń pè ní ìpínlẹ̀ Rakhine lónìí. Ọdún 1826 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gba ibẹ̀. Orúkọ náà ti wà nínú ìwé kí wọ́n tó dé.

Òótọ́ kan wà tí n kò ní sẹ́. Lásìkò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ oko wá láti Chittagong, tó wà ní Bangladesh lónìí, wọ Arakan. Abẹ́ ìjọba kan ṣoṣo ni ìhà méjèèjì wà nígbà náà, torí pé títí di 1937, ara Íńdíà ti Gẹ̀ẹ́sì ni Bọ́mà wà. Àwọn tó wá yìí bá àwọn Mùsùlùmí mìíràn nílẹ̀, wọ́n fẹ́ra, wọ́n bímọ. Ẹni tí wọ́n bí bàbá bàbá rẹ̀ síbẹ̀, tí sàréè wọn sì wà níbẹ̀, ibo la tún fẹ́ kó pè ní ilé?

Ọ̀rọ̀ yìí tiẹ̀ kan àwa Yorùbá ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ. Nínú àwọn bàbá wa tó lọ ja Ogun Bọ́mà, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ní Arakan yìí gan-an ni wọ́n ti jà. Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Japan ká ẹgbẹ́ wọn mọ́ àfonífojì Kaladan. Ìbọn fọ́ egungun itan rẹ̀, ó sì tún bà á níkùn. Òun àti ará Sierra Leone kan ló kù sínú igbó tí wọn ò lè rìn. Àwọn àgbẹ̀ Mùsùlùmí abúlé kan nítòsí ló ń gbé oúnjẹ àti omi wá fún wọn. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ náà gbé wọn wọ ilé ara rẹ̀, láàárín ìyàwó àtàwọn ọmọ, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé bí ọwọ́ àwọn ará Japan bá tẹ̀ wọ́n, gbogbo ilé ló máa kú. Ìparí ọdún yẹn ni wọ́n tó rí wọn gbà sílẹ̀. Ó ku ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kí Bangladesh tó wà, àwọn èèyàn yìí sì wà lórí ilẹ̀ wọn, wọ́n ń gba àlejò.

Lẹ́yìn tí Bọ́mà gbòmìnira ní 1948, àwọn Rohingya dìbò, wọ́n sì dìbò yan àwọn èèyàn wọn. Sultan Mahmud, Mùsùlùmí láti Arakan, jẹ́ mínísítà ètò ìlera nínú ìjọba U Nu, olórí ìjọba Bọ́mà nígbà náà. Rédíò ìjọba gan-an ń gbé ètò jáde ní èdè Rohingya. Lẹ́yìn tí ọ̀gágun Ne Win fipá gbàjọba ní 1962 ni nǹkan yí padà. Ní 1978, ìdààmú àwọn ológun lé èèyàn tó ju 200,000 sá lọ sí Bangladesh. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e: Bọ́mà fọwọ́ sí ìwé pé òun á gbà wọ́n padà, torí pé olùgbé Bọ́mà lábẹ́ òfin ni wọ́n. Ìjọba wo ló máa fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nítorí ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn?

Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, òfin 1982 já ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ní káàdì ìdánimọ̀ funfun fún ìgbà díẹ̀. Ní 2015, wọ́n ní káàdì náà ò ṣiṣẹ́ mọ́. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2014, ẹni tó bá ní Rohingya lòun, òṣìṣẹ́ á kàn kọjá lọ láìkà á. Látorí ìwé ni wọ́n ti kọ́kọ́ pa wọ́n rẹ́. Lẹ́yìn 25 oṣù kẹjọ ọdún 2017, iná àti ìbọn ló kù, èèyàn tó ju 700,000 sì gba ọ̀nà odò Naf, tó wà láàárín Myanmar àti Bangladesh, sá lọ.

Irọ́ yìí ń ṣiṣẹ́ mìíràn tó burú jù. Bí a bá ní wọ́n padà sílé ni, a jẹ́ pé kò sí ogunléndé, kò sì sẹ́ni tó jẹ wọ́n ní ààbò. Bangladesh ò fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé ti 1951 lórí ogunléndé. Íńdíà, Thailand, Malaysia àti Indonesia náà ò fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n má dá ẹni tó ń sá fún ikú padà sọ́wọ́ apànìyàn, òfin tó de gbogbo orílẹ̀-èdè ni, ì báà fọwọ́ sí àdéhùn, ì báà má fọwọ́ sí i. Ní 2015, àwọn ọmọ ogun ojú omi mẹ́ta nínú àwọn aládùúgbò yìí ń ti ọkọ̀ ojú omi tó kún fún ọmọdé padà sí agbami òkun. Àwọn apẹja Aceh ní Indonesia, tálákà lásán, ló lọ fà wọ́n gòkè. Bangladesh náà ti ti ọkọ̀ padà rí, ní 2012, kò sì yẹ ká bò ó mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, òun ló gba èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan, sínú ahéré ọparun àti tapólì ní Cox's Bazar, níbi tí òfin ò ti jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ìlú Cox's Bazar yìí, orúkọ Hiram Cox ló ń jẹ́, ọ̀gá òyìnbó tí wọ́n rán ní nǹkan bí 1799 láti wá ilẹ̀ fún àwọn ará Arakan tó sá fún ogun ọba Bọ́mà.

Lẹ́ẹ̀mejì, ní oṣù kọkànlá ọdún 2018 àti oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọ́n gbé bọ́ọ̀sì dúró láti kó àwọn Rohingya padà sí Myanmar. Kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́. Àwọn Rohingya ní kí Myanmar kọ́kọ́ dá ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú, ilẹ̀ àti ààbò àwọn padà, kí àwọn tó lọ sílé.