Ta ló ní aṣọ irun àgùntàn kò ṣeé fi sáré nílẹ̀ olóoru?

Bí ẹ bá dé pápá ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní kùtùkùtù òwúrọ̀, ẹ ó rí síńgílẹ́ẹ̀tì òwú, ẹ ó rí jẹ́sì bọ́ọ̀lù, ẹ ó sì rí kádígàànì nínípọn lára ẹni tó gbà pé yóò yọ́ ọ̀rá ikùn òun. Ẹ sọ fún wọn pé aṣọ wúùlù, ìyẹn aṣọ irun àgùntàn, dára fún eré sísá, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Nínú ooru Ìbàdàn yìí?" Ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé òtútù nìkan ni wúùlù wà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí à ń pè ní wúùlù. Èyí tí àwọn onídìrí ń lò kì í ṣe irun àgùntàn. Acrylic ni, ike tí wọ́n fà di fọ́nrán. Acrylic náà ni ọ̀pọ̀ kádígàànì inú òkìríkà. Àgbò tí à ń rà fún Iléyá kò sì jẹ́ ká mọ ìyàtọ̀, torí Yankasa, Balami, Uda àti àgùntàn kúkúrú ilẹ̀ wa, irun bíi ti ewúrẹ́ ló wà lára wọn, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ran láti fi hun aṣọ. Lára àgùntàn merino ni wọ́n ti ń rẹ́ irun tí wọ́n fi ń ṣe aṣọ eré ìdárayá, Ọsirélíà, New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà ló sì pọ̀ sí jù. Nítorí náà, ooru tí ẹ rántí bí wọ́n bá ti pe wúùlù, ooru ike ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Sísanra aṣọ àti bí wọ́n ṣe hun ún ló ń pinnu ooru rẹ̀ jù. Bùláńkẹ́ẹ̀tì òwú ń mú ooru, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ní ká má wọ síńgílẹ́ẹ̀tì òwú.

Ara tó ń sáré, òógùn ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ṣùgbọ́n òógùn tó ń kán sílẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kankan. Èyí tó bá gbẹ lára ló ń gbé ooru lọ. Ibí ni irun àgùntàn ti yàtọ̀. Bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá jẹ́ 65 nínú 100, gíráàmù 100 irun àgùntàn yóò fa ọ̀rinrin bíi gíráàmù 16 sínú. Òwú yóò fa nǹkan bí 8. Polyester, ike tí wọ́n fi ń ṣe jẹ́sì, kò ní fa tó gíráàmù 1. Irun àgùntàn lè fa tó 30 kí ọwọ́ tó mọ̀ pé ó rin. Inú fọ́nrán rẹ̀ ni ọ̀rinrin náà ń wọ̀ kó tó di omi lára. Òwú ń mu omi dáadáa, ìyẹn gan-an sì ni ìṣòro rẹ̀: á wúwo, á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, kò sì ní tètè gbẹ. Ẹni tó bá parí eré nígbà ọyẹ́, tó gun ọ̀kadà relé pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì òwú tó rin gbindin, mọ bí atẹ́gùn yẹn ṣe ń wọ eegun.

Òórùn ńkọ́? Polyester máa ń di epo ara mú, kòkòrò àìfojúrí á sì máa jẹ ẹ́, ìdí nìyẹn tí jẹ́sì fi ń rùn kódà lẹ́yìn tí a ti fọ̀ ọ́. Wúùlù gidi, ẹ fi kọ́ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ẹ ó tún wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì sí i.

Láti 1903 tí ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France ti bẹ̀rẹ̀, wúùlù ni àwọn eléré ń wọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ inú ooru oṣù Keje ni wọ́n ń gùn ún.

Àwọn kan ní ó ń yún àwọn. Fọ́nrán tó nípọn ju micron 30 lọ ló ń gún ara (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà). Èyí tó yẹ fún eré jẹ́ nǹkan bíi micron 17 sí 19. Irun orí èèyàn lè tó 50 sí 100. Ẹ wá "merino" lára àkọlé aṣọ, kí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 150 ní mítà onígun mẹ́rin kan tàbí kó dín. Èyí tó bá jẹ́ 250, ti ìlú òtútù ni. Ẹ má fi sáré níbí.

Merino náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Polyester fẹ́lẹ́ máa ń tètè gbẹ jù ú lọ, ó tún ń pẹ́ jù ú lọ kó tó gbó, owó rẹ̀ sì kéré. Láàárọ̀ ìgbà òjò, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ju 85 nínú 100 lọ, òógùn kì í fẹ́ gbẹ lára aṣọ kankan. Ẹ dín eré kù, ẹ mu omi. Ibi tí merino ti wúlò jù fún wa ni ìgbà ọyẹ́, ìrìn gígùn, àti gígun òkè bíi Òkè-Ààrẹ n'Ìbàdàn lọ sí ilé gogoro Láyípo, níbi tí èèyàn ti ń làágùn tán, tó tún ń dúró gba atẹ́gùn.

Ẹ̀yin oníkádígàànì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ọ. Omi ló ń jáde, kì í ṣe ọ̀rá. Bí ẹ bá ti mu omi, ìwọ̀n yín á padà síbi tó wà. Bí ooru bá há mọ́ ara, ó lè dá èèyàn wólẹ̀, ó sì lè pa á.

Nínú òkìríkà, ẹ lè rí wúùlù gidi ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ ní ìṣẹ́tí rẹ̀, ẹ ṣáná sí i lórí àwo irin. Wúùlù gidi á rùn bí irun tó jó, iná rẹ̀ á kú bí ẹ bá mú ìṣáná kúrò, eérú rẹ̀ á sì rún mọ́ ọwọ́. Acrylic àti polyester á yọ́, á di kókó dúdú líle. Òwú á jó bíi bébà. Ẹ gbé aṣọ náà síwájú ìmọ́lẹ̀ kí ẹ tó sanwó, torí kòkòrò tó ń jẹ aṣọ fẹ́ràn irun àgùntàn.

Ìfọ̀ ló ń ba tọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Omi tútù àti ọṣẹ ìfọrun ọmọdé ni kí ẹ lò. Ọ̀pọ̀ ọṣẹ oníyẹ̀fun ní èròjà tó ń jẹ irun, bílíìsì sì ń yọ́ ọ pátápátá. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ nínú omi, ẹ má bó o, ẹ má fún un lọ́rùn. Ẹ ká a sínú táwẹ́ẹ̀lì kó fa omi rẹ̀, kí ẹ wá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sábẹ́ ibòji, torí bí ẹ bá fi kọ́ sórí okùn ní tútù, á fà gùn. Fọ́nrán irun àgùntàn ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́ bíi ti ẹja. Omi gbígbóná àti bíbó á mú kí àwọn ìpẹ́ náà há mọ́ra wọn, aṣọ á fún, á sì le gbagidi. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ọmọ kékeré ilé ló máa gba a wọ̀.