Tí Àyè Bá Wà

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni: tí àyè bá wà. Ẹ lọ ka ìwé àdéhùn ètò oyè tí àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá ń ṣe fún oníbàárà (bí òru tí ẹ sùn lọ́dọ̀ wọn bá ṣe pọ̀ tó ni oyè yín ṣe ń ga tó, tí àǹfààní tí wọ́n ṣèlérí sì ń pọ̀ sí i), ẹ ò ní ka ojú ìwé méjì kí ẹ tó pàdé rẹ̀. Ṣé wọ́n á gbé yín sí yàrá tó dára ju èyí tí ẹ sanwó rẹ̀ lọ? Tí àyè bá wà. Ṣé ẹ lè tètè wọlé láàárọ̀? Tí àyè bá wà. Ṣé ẹ lè pẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó kó ẹrù yín jáde? Tí àyè bá wà. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín nìkan ni kò ní "tí àyè bá wà" nínú.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi lé oyè lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan tí mi ò ní dárúkọ. Mo sì jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán kí n tó mọ̀ pé èmi gan-an ni wọ́n ń jẹ.

Oṣù Kejìlá èṣí ni ìyà náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí áàpù wọn, mo rí ìlà kan tó ń kún díẹ̀díẹ̀ bí omi inú ìgò, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ó ku òru mẹ́jọ péré!" Péré! Bí ẹni pé orí igi ni òru ń so sí. Mo ní bẹ́ẹ̀dì nílé o. Bẹ́ẹ̀dì mi dára, ó mọ ẹ̀yìn mi, èmi náà sì mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ mo dìde, mo lọ ń san 110 dọ́là lálẹ́ kọ̀ọ̀kan ní èyí tó pọ́ọ́kú jù nínú àwọn òtẹ́ẹ̀lì wọn, kí n lè sùn níbi tí mi ò ní iṣẹ́, mi ò ní ẹbí, mi ò sì ní ìdí kankan láti wà. Nínú òru mẹ́jọ yẹn, méjì wà tí mi ò tilẹ̀ sùn níbẹ̀. Mo gba kọ́kọ́rọ́, mo wọ yàrá, mo rún aṣọ bẹ́ẹ̀dì kó dà bí ẹni pé ènìyàn sùn lé e, mo sì padà sílé. Àgbàlagbà! Mo ń tan ẹni tó máa wá tún yàrá ṣe, bí ẹni pé òun ló ń ka òru fún wọn.

Àwa tí àrùn yìí ń ṣe pọ̀ débi pé ó ti ní orúkọ lédè Gẹ̀ẹ́sì: mattress run. Eré sísá nítorí ibùsùn. Àwọn àgbà ní a kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún, bí a ò lé nǹkan, nǹkan ń lé wa. Òótọ́ ni, ó kéré tán ní tèmi. Kò sí ohun tó ń lé mi. Ìlà kan lójú fóònù ni mo ń lé.

Mo san 880 dọ́là lórí òru mẹ́jọ náà. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Oyè dé. Wọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́ tí wọ́n ya iná aláràbarà sí, àwọ̀ káàdì mi yí padà nínú áàpù, mo sì rọra fi han ìyàwó mi. Ó wò ó, ó ní, "Ẹ kú oríire o," ó sì padà sídìí ohun tó ń ṣe. Ó yẹ kí n ti fura.

Ìrìn àjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìwúyè, mo gúnlẹ̀ sí kántà wọn tàyàtàyà. Arábìnrin tó wà níbẹ̀ kí mi dáadáa, ó ní wọ́n mọrírì mi, ó ní wọ́n ti "gbé mi ga". Ẹ bi mí pé ibo ni wọ́n gbé mi ga dé. Láti àjà kẹta sí àjà karùn-ún! Yàrá kan náà, bẹ́ẹ̀dì kan náà, aṣọ fèrèsé kan náà, ṣùgbọ́n fèrèsé tèmi kọjú sí ẹ̀rọ amúlétutù ńlá kan tó kùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo béèrè yàrá onípálọ̀ tí ìwé wọn sọ pé irú mi lè rí gbà. Ó wo kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Ẹ má bínú sà, kò sí àyè." Mo dúpẹ́. Mo wọ lífítì, mo ṣí áàpù, mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ gba yàrá lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Yàrá onípálọ̀ wà níbẹ̀ gbalaja! Wọ́n ń tà á, wọ́n kàn fi 60 dọ́là lé owó rẹ̀ ni. Àyè wà fún owó. Oyè ni kò sí àyè fún.

Ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Àbúrò mi obìnrin wá síbi ìpàdé kan náà. Kò sí nínú ètò kankan, kò ní póìǹtì kan (àmì tí wọ́n ń fún oníbàárà lórí owó tó ná, tó lè fi gba yàrá), orí ìkànnì tí wọ́n ti ń ta yàrá ní ẹ̀dínwó ló ti ra tirẹ̀. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló dé, nígbà tí gbogbo yàrá kéékèèké ti tán, wọ́n bá ju èyí tó ṣẹ́ kù fún un. Ó pè mí lórí fóònù, kò sì ní ète kankan lọ́kàn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé pálọ̀ yàrá tiyín náà tóbi báyìí?" Mo ní íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ yára.

Mi ò bá arábìnrin kántà yẹn jà, mi ò sì ní bá a jà láé. Ẹ̀bi náà ga jù ú lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé àwọn tí orúkọ wọn wà lára ilé kọ́ ló ni ilé. Èyí tó pọ̀ jù nínú òtẹ́ẹ̀lì tó wà lábẹ́ Marriott, Hilton tàbí IHG (àwọn tó ni orúkọ Holiday Inn), ẹlòmíràn ló kọ́ ọ tàbí ló rà á, tó wá ń sanwó fún ilé-iṣẹ́ ńlá kí wọ́n lè jẹ́ kó lo orúkọ náà. Ilé-iṣẹ́ ńlá ló ṣèlérí fún yín pé ẹ ó jẹun àárọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, pé ẹ ó sùn ní yàrá gbẹ̀ǹgbẹ̀. Àpò onílé ni ìnáwó ìlérí náà sábà máa ń ti jáde. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó ṣe ìlérí kọ́ ló ń mú un ṣẹ. Onílé tó rí yàrá tí ó lè tà, tí ó wá fà á lé yín lọ́wọ́ nítorí àwọ̀ káàdì yín, onínúure ni, ẹ gbàdúrà fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò, nítorí ìṣirò ni wọn ò fẹ́ ká ṣe. Lẹ́yìn tí mo jẹ oyè, 20 òru ni mo sùn lọ́dọ̀ wọn títí di ìsinsìnyí. Ní mẹ́fà nínú rẹ̀, wọ́n ní irú òtẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ètò oúnjẹ. Ó ku 14. Àwọn olólùfẹ́ oyè á sọ fún yín pé 28 dọ́là ni oúnjẹ àárọ̀ níbẹ̀, torí náà èrè mi jẹ́ 392 dọ́là. Irọ́ tó dùn jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn! Bí kò bá ṣe ọ̀fẹ́, ta ni yóò san 28 dọ́là lórí ẹyin? Ẹyin méjì àti tíì ni mo ń jẹ láàárọ̀, mo sì lè rí i rà ní 6 dọ́là nítòsí ibikíbi. Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá jẹ́ 84 dọ́là. Ẹ fi yàrá tó dára gan-an tí mo rí lẹ́ẹ̀kan kún un, ẹ fún un ní 60 dọ́là bí wọ́n ṣe ń tà á. Ó di 144. Ẹ fi omi inú ìgò méjì tí wọ́n máa ń gbé sórí tábìlì pẹ̀lú ìwé ìkíni kún un, ẹ fún un ní iye tó bá wù yín. Mo sì ti san 880.

Mi ò tíì ka ohun tí mo pàdánù nítorí pé ojú mi ò kúrò lára wọn. Òtẹ́ẹ̀lì kan wà tí kò jìnnà sí ibi iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, ó mọ́, kò wọ́n. Mo rìn kọjá rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin lọ sí tiwọn tó jẹ́ ìrìn ogójì ìṣẹ́jú, nítorí kí òru mẹ́rin lè wọlé. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, fèrè náà sì ń dún létí mi nígbà yẹn o! Bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá rí yàrá tiwọn gan-an ní ẹ̀dínwó lórí Booking.com tàbí Expedia, òru yẹn kì í sábà wọ inú ìṣirò oyè.

Òpó tí ẹ ń sá lọ bá kì í sì í dúró lójú kan. Marriott Bonvoy, ètò oyè ti Marriott, ní kí ẹ sun 50 òru lọ́dún kí ẹ tó jẹ́ Platinum, 75 fún Titanium. Ẹni tó bá sì fẹ́ dé orí òkè pátápátá, 100 òru pẹ̀lú ìnáwó 23,000 dọ́là. Hyatt, ilé-iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ńlá mìíràn, ní 60 kí ẹ tó jẹ́ Globalist, oyè tiwọn tó ga jù. Hilton dín iye òru Gold àti Diamond kù fún 2026, inú àwọn ènìyàn dùn, àfi bí wọ́n ṣe gbé oyè tuntun lé wọn lórí, Diamond Reserve, 80 òru pẹ̀lú 18,000 dọ́là. Kí ẹ sì má gbàgbé pé ẹni tó bá gba irú káàdì ìrajà-àwìn American Express kan ní Amẹ́ríkà ti di Diamond Hilton láìtíì fi orí kan ìrọ̀rí wọn. Èmi ń rún aṣọ bẹ́ẹ̀dì lóru, ẹlòmíràn ń fọwọ́ sí ìwé káàdì lórí àga ilé rẹ̀. Nígbà tí gbogbo wa bá wá tò sí kántà, tí olóyè ogún dúró, tí yàrá onípálọ̀ sì jẹ́ méjì, kí ni ẹ rò pé arábìnrin yẹn máa sọ? Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn náà ni.

Póìǹtì ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí póìǹtì. Tẹ́lẹ̀, àtẹ kan wà tí ẹ ti lè rí iye póìǹtì tí òtẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń gbà. Hilton ká tirẹ̀ kúrò ní 2017, Marriott ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2022, Hyatt ṣì ń tẹ́ tirẹ̀ síta. Owó tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jáde ló ń dá iye rẹ̀ lé, láàárọ̀, lálẹ́, bó bá ṣe wù ú. Ẹ wá ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́!

Mo gbà pé àwọn kan wà tó tọ́ fún. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń rán kiri, tó ń sun 70 òru lọ́dún lórí owó ilé-iṣẹ́, ní ìlú tí òtẹ́ẹ̀lì ẹgbẹ́ kan náà wà nítòsí iṣẹ́ rẹ̀, kí ló fẹ́ fi kọ̀ ọ́? Ó kàn bá oyè pàdé lọ́nà ni, kò wá a lọ. Ẹ bi ara yín léèrè pé, bí wọ́n bá pa ètò náà rẹ́ lọ́la, ṣé ibẹ̀ ni ẹ ṣì máa sùn? Bí ìdáhùn yín bá ti ń falẹ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n ní oṣù Kejìlá, tí mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sùn ní òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan tí kò ní áàpù. Ọkùnrin tó ni ín ló jókòó ní kántà fúnra rẹ̀. Mo bi í bóyá mo lè dúró di aago mẹ́ta ọ̀sán, mo ti ń múra láti gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn. Kò wo kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Kò burú, ẹ kàn fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ níbí."

Àmọ́ áàpù ọ̀hún ṣì wà lórí fóònù mi. Mi ò tíì yọ ọ́. Mo yọjú sí i láàárọ̀ yìí, mi ò mọ ohun tí mo ń wá. Wọ́n ní bí mi ò bá fẹ́ kí oyè mi bọ́, ó ku òru 11 péré.