Ùgù, mọ́ọ̀tì àti mílíìkì kì í gbé platelet sókè

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ọkùnrin kan ládùúgbò wa fi ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ìyàwó rẹ̀ sórí WhatsApp àwa onílé àti ayálégbé. Oyún oṣù méje ló wà nínú obìnrin náà. Wọ́n ti fi bírò pupa yí nǹkan kan po lórí ìwé ọ̀hún: platelet, 96. Ó ní kí la rò pé òun lè ṣe sí i. Kí n tó wẹ̀ tán kí n padà sídìí fóònù, èèyàn mọ́kànlá ti dá a lóhùn, ohùn wọn sì ṣọ̀kan: ẹ̀jẹ̀ ìyàwó rẹ ò tó, ẹ gún ùgù, ẹ fún omi rẹ̀, ẹ da mílíìkì sí i, kó máa fi mọ́ọ̀tì lé e. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí wọ́n fọ́ ẹyin tútù sí i. Fún aláboyún o!

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo ti mu ùgù yẹn rí, fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, mo sì mọ ohun tí ojú mi rí. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan, kí n má baà máa sọ ọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ gbọ́, platelet kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ìyá wa ń wí. Tí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ ò tó lára èèyàn, PCV ni wọ́n ń bá wí, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara. Platelet jẹ́ nǹkan wẹ́wẹ́ tó máa ń sáré lọ dí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Inú mùdùnmúdùn egungun ni àwọn méjèèjì ti ń wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ pupa ń lò tó 120 ọjọ́ lára. Platelet kì í sábà ju ọjọ́ 7 sí 10 lọ. Irin tó wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀ ń rà lọ́dọ̀ àwọn kẹ́míìsì, ẹ̀jẹ̀ pupa ló wúlò fún. Kódà, ẹni tí irin bá gbẹ lára rẹ̀, òkè ni platelet rẹ̀ sábà máa ń lọ. Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ mi nílé ìwòsàn nígbà tèmi, fibroid ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ, PCV rẹ̀ jẹ́ 24. Platelet rẹ̀ ńkọ́? 518. Èmi tí PCV mi jẹ́ 37, tí ẹ̀jẹ̀ mi pé pérépéré, èmi ni wọ́n ní platelet mi ò ju 41 lọ. Nígbà tó jẹ́ pé 150 sí 400 ni wọ́n ń retí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni kí ẹ máa kà á.

Ìbàdàn lọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, lọ́dún 2021. Fibroid lèmi náà fẹ́ lọ yọ. Nọ́ọ̀sì tó mú ìwé àyẹ̀wò wá ò lè wò mí lójú. Wọ́n ní wọn ò lè fi ọ̀bẹ kan ẹni tí platelet rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, kí n máa lọ sílé, kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tó lè fà á fún mi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nílé wa pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára. Ẹ̀jẹ̀ inú fíríìjì kì í gbé platelet sókè, torí òtútù yẹn ò bá platelet lára mu; èyí tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ láti fi tọ́jú aláìsàn, inú ooru bíi 20 sí 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ń gbé e sí, ẹ̀rọ á máa mì ín tọ̀sán-tòru, kì í sì í sábà lò ju nǹkan bí ọjọ́ 5 lọ. Ìgbà yẹn, mi ò tíì mọ gbogbo èyí.

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ló wá dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ìdì ùgù mẹ́fà. Láàárọ̀ ife kan, lálẹ́ ife kan. Ó máa ń dúró tì mí títí màá fi mu ún tán. Ó ń rùn bíi koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ìfófòó mílíìkì á sì wà létí ife. Inú mi ń kùn, mò ń sáré lọ sí ṣáláńgá. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ méjì, mo ti sanra díẹ̀, mọ́ọ̀tì ló fà á. Mo padà lọ. Wọ́n kà á. 39.

Bàbá kan wà nílé àyẹ̀wò níbẹ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì. Ó ka ìwé mi, ó wò mí, ó ní, ‘Ọmọ mi, ṣé imú rẹ ń ṣẹ̀jẹ̀?’ Mo ní rárá, sà. ‘Èrìgì ńkọ́, tó o bá ń fọ eyín? Ara rẹ ń dúdú lójú kan láìfi gbá nǹkan?’ Rárá, sà. Ó tẹ́ ọwọ́ mi wò níbi tí wọ́n gún láàárọ̀. Ojú abẹ́rẹ́ ti pa dé. Ó ní, ‘Iye tí wọ́n kọ síbí ò jọ ìwọ yìí. Jókòó.’

Ó gún mi lẹ́ẹ̀kan, ó gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò méjì. Ọ̀kan ní ọmọrí elésè àlùkò, èyí tí gbogbo wa mọ̀. Ìkejì ní ọmọrí búlúù. Nínú ti elésè àlùkò, wọ́n ti fi kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ EDTA síbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì. Kò sí wàhálà kankan fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Àmọ́ ní bí ẹnì kan nínú 1,000, tí platelet bá ti bá EDTA pàdé, ṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ra wọn, inú ìgò ló sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe inú ara. Ìwọ̀n ni ẹ̀rọ fi ń dá platelet mọ̀. Tí ogún bá lẹ̀ pọ̀, ẹ̀rọ ò ní kà á sí platelet mọ́, á fò ó. Bí ìgò náà bá sì ṣe ń pẹ́ sí nílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń burú sí i.

Bàbá yẹn pè mí sídìí awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó ní kí n fojú ara mi wò ó. Mo rí i. Ó ṣe kókó bí ẹ̀bà tí ọmọdé tẹ̀. Ẹ̀rọ ka ìgò elésè àlùkò, ó gbé 39 jáde. Ó ka ti búlúù, tí kò ní EDTA nínú, ó gbé 193 jáde. Bàbá fi ìdá mẹ́wàá lé e nítorí omi tó ti wà nínú ìgò náà tẹ́lẹ̀, ó di 212. Abẹ́rẹ́ kan, apá kan, ìṣẹ́jú kan náà. Ẹ bá mi wá ibi tí ùgù ti wọlé sí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ máa ní tìyàwó yín ròkè lẹ́yìn tó mu ún. Mo gbọ́. Ọmọ tó wà ní ilé kejì sí tiwa náà, 62 ni tiẹ̀ nígbà tí ibà dá a gúnlẹ̀. Ó lo oògùn ibà tòótọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì tún fún un ní ùgù. Lọ́sẹ̀ kejì ó ti di 240, ùgù ló gba ìyìn. Ibà wà lára ohun tó máa ń já platelet wálẹ̀ jù ní ilẹ̀ wa. Tí ibà bá ti lọ, platelet á padà fúnra rẹ̀. Tó o bá sùn tí ilẹ̀ fi mọ́, ṣé oorun rẹ ló mú ilẹ̀ mọ́?

Àwọn ohun mìíràn tó ń fà á pọ̀. Oògùn ń fà á: quinine, Septrin, àti heparin tí wọ́n ń gún fáwọn èèyàn nílé ìwòsàn, tí wọ́n bá dá a dúró, ọ̀pọ̀ máa ń padà bọ̀ sípò láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Àrùn ẹ̀dọ̀ náà ń fà á, torí spleen tó wà lábẹ́ ìhà òsì á wú, á sì fi platelet pamọ́ sínú ju bó ṣe yẹ lọ. HIV ń fà á. Ọtí àmujù ń fà á. Nígbà mìíràn, àwọn ọmọ ogun ara èèyàn fúnra wọn ló máa dojú kọ platelet. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń ba àwọn nọ́ńbà yòókù jẹ́ pẹ̀lú. Èwo nínú gbogbo èyí ni mílíìkì inú agolo fẹ́ wò?

Ó dáa, mo gbà pé ẹni tí folate, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn fítámìnì, ò sí lára rẹ̀ rárá, platelet rẹ̀ lè wálẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ pupa, folate sì wà nínú ẹ̀fọ́. Kó lọ fi se ọbẹ̀.

Ní ti aláboyún wa, mo pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. Nínú obìnrin 100 tó lóyún, 5 sí 10 ni platelet wọn máa ń wálẹ̀ díẹ̀, pàápàá tí oyún bá ti dàgbà. Kì í sábà ṣe wọ́n ní nǹkan kan, á sì padà lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Tí ìyẹn bá dara pọ̀ mọ́ platelet tó ń wálẹ̀, tí orí ń fọ́ ọ tàbí tí abẹ́ ìhà ọ̀tún ń dùn ún, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Mo bi í pé, ‘Ẹ̀gbọ́n, èló ni BP wọn?’ Ó ní àwọn ò tíì wọ̀n ọ́n láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ùgù ti wà lórí ọlọ nígbà tó ń dá mi lóhùn o. Mo ní kó gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n lọ, BP dára, wọ́n máa tún platelet náà kà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Èmi náà, wọ́n padà yọ fibroid yẹn, ẹ̀jẹ̀ tó dà ò ju èyí tí wọ́n ń retí lọ. Mo ti fi ìwé méjèèjì han àǹtí mi, 39 àti 212, mo ṣàlàyé ìgò elésè àlùkò àti ìgò búlúù fún wọn títí ẹnu fi ń ro mí. Wọ́n gbé gíláàsì wọn wọ̀, wọ́n wò ó dáadáa. Wọ́n ní, ‘Ṣé o wá rí i báyìí? Inú ìgò búlúù yìí ni ùgù mi wà.’