Kì í ṣe agbára lésà nìkan o
Ibi tẹ́ ẹ ti sọ pé tí lésà, ìyẹn ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ tóóró tí wọ́n ń yìn sínú atẹ́gùn kí díẹ̀ nínú ẹ̀ lè ta padà, bá ṣáà ti lágbára, a ti lè wọn bí atẹ́gùn òkè ṣe ń sáré tó, mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹ wo Aeolus, sátẹ́láìtì àwọn ará Yúróòpù tó fi lésà wọn atẹ́gùn, tí wọ́n gbé lọ sókè ní 2018, tó sì ṣiṣẹ́ títí di 2023, dígí ńlá tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ padà fẹ̀ tó mítà kan àtààbọ̀, ooru ara dígí yẹn kàn ń yí padà díẹ̀ báyìí, ìmọ́lẹ̀ bá ń gba igun míì wọnú ẹ̀rọ, ló bá di pé iye atẹ́gùn tó ń kà ò tọ̀nà mọ́! 2020 ni wọ́n tó rí ọgbọ́n dá sí i. Ìdí tí nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ fi lè ba ìwọ̀n jẹ́ ni pé atẹ́gùn tó ń sáré mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdá kan nínú bíi mílíọ̀nù 150 péré ló máa fi yí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó padà wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré àwọn tó ń to dígí àti lẹ́ǹsì, kí wọ́n tò ó kó gún nílẹ̀ níbí kọ́ ló le jù, kó ṣì gún bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì ni.