Kì í ṣe Constantine ló dá ìtàn àjíǹde sílẹ̀

Lọ́jọ́ Gálílì ọdún yìí, níbi tí a ti ń bu ìrẹsì fún àwọn ọmọdé, ọmọ àbúrò mi kan na fóònù rẹ̀ sí mi. "Màmá, ẹ wo fídíò yìí. Wọ́n ní Constantine, ọba Róòmù, ló pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ sí Nicaea lọ́dún 325, ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò pé kí wọ́n máa sọ pé Jésù jíǹde. Wọ́n ní wòlíì lásán ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀." Mo wo àwọn tó jókòó yí wa ká, orí ni wọ́n ń mì. Ọ̀kan nínú wọn wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, àná òde yìí ló kọrin àjíǹde títí ohùn rẹ̀ fi há. Inú bí mi gidigidi.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp. Gbogbo ẹni tó sọ ọ́ fún mi rí, ẹnì kan ló sọ ọ́ fún òun náà, kò sí èyí tó ka ìwé kan nípa rẹ̀.

Lóòótọ́ ni Constantine pe ìpàdé sí Nicaea, ìlú tí wọ́n ń pè ní Iznik ní Tọ́kì lónìí. Ẹ̀kọ́ Arius, àlùfáà kan láti Alẹkisáńdíríà, ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó ní Ọmọ kò bá Baba dọ́gba, pé ìgbà kan wà tí Ọmọ kò sí. Kò sẹ́ni tó bá Arius jiyàn lórí àjíǹde, torí òun náà gbà á gbọ́: ó wà nínú ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tó fi ránṣẹ́ sí Constantine lẹ́yìn ìpàdé náà. Ohun mìíràn tí wọ́n sọ ni ọjọ́ tí gbogbo ìjọ yóò jọ máa ṣe ọdún Àjíǹde. Ẹ ò rí i pé ọdún tí wọ́n ti ń ṣe bọ̀ tipẹ́ ni wọ́n ń fa ọjọ́ rẹ̀? Ní nǹkan bí ọdún 190, Victor, bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, ti fẹ́ torí ọjọ́ ọdún yìí kan náà yọ àwọn ìjọ Éṣíà, ní apá Tọ́kì òde òní, kúrò nínú ìdàpọ̀. Wọn ò tíì bí bàbá Constantine nígbà yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó lágbára jù lójú mi ni lẹ́tà kìíní tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí 15. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ pàápàá gbà pé Pọ́ọ̀lù ló kọ ọ́, ní nǹkan bí ọdún 54 tàbí 55. Báwo ni wọ́n ṣe mọ ọdún rẹ̀? Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 18 sọ pé nígbà tí Pọ́ọ̀lù wà ní Kọ́ríńtì, wọ́n wọ́ ọ lọ síwájú Gálíónì, baálẹ̀ Ákáyà. Ní Delphi, nílẹ̀ Gíríìsì, wọ́n rí àwọn àfọ́kù òkúta tí wọ́n fín lẹ́tà Kíláúdíù Késárì sí lára. Orúkọ Gálíónì wà níbẹ̀, oyè Késárì tó wà lára rẹ̀ sì fi hàn pé nǹkan bí ọdún 52 ni. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni Pọ́ọ̀lù jókòó sí Éfésù tó kọ lẹ́tà náà.

Ẹ wá wo ohun tó kọ. Ó ń rán wọn létí ìwàásù tó ti ṣe lọ́dọ̀ wọn, ó ní ohun tí òun náà gbà lòun fi lé wọn lọ́wọ́: pé Kristi kú, pé a sin ín, pé ó jíǹde ní ọjọ́ kẹta, pé ó fara han Kéfà, ìyẹn Pétérù, lẹ́yìn náà àwọn méjìlá, lẹ́yìn náà àwọn ará tó lé ní 500 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, púpọ̀ nínú wọn sì wà láàyè dìgbà tó ń kọ̀wé, lẹ́yìn náà Jákọ́bù. Ọwọ́ ta ni Pọ́ọ̀lù ti gbà á? Nínú lẹ́tà sí àwọn ará Gálátíà, ó ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí Olúwa pe òun, òun gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù, òun bá Pétérù gbé fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òun sì rí Jákọ́bù, arákùnrin Olúwa. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ṣé ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni wọ́n ń sọ? Ọ̀rọ̀ àgbélébùú ṣì gbóná nígbà yẹn, àwọn tó ṣẹlẹ̀ lójú wọn ṣì wà ní ìgboro Jerúsálẹ́mù. Ẹni tó bá sì kọ̀wé pé èyí tó pọ̀ nínú àwọn ẹlẹ́rìí òun ṣì wà láàyè ń sọ fún ọ pé kí o lọ bi wọ́n ni. Ọkọ̀ ojú omi ò yé ná Kọ́ríńtì. Bí ó bá jẹ́ irọ́, ẹnì kan ì bá ti lọ, ì bá sì ti padà wá dójú tì í.

Ẹ tún gbọ́ ti àwọn ará Áfíríkà bíi tiwa. Ní 17 Oṣù Keje, ọdún 180, wọ́n mú àwọn Kristẹni méjìlá láti Scillium wá síwájú Saturninus, gómìnà, ní Carthage, ní Tùníṣíà òde òní. Ó bi Speratus, ọ̀kan nínú wọn, pé kí ló wà nínú àpótí wọn. Speratus ní, "Àwọn ìwé, àti lẹ́tà Pọ́ọ̀lù, olódodo ènìyàn." Gómìnà fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́ kí wọ́n lọ ro ọ̀rọ̀ ara wọn wò. Wọn ò gbà á. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n sì bẹ́ wọn lórí, ọdún 145 ṣáájú Nicaea.

Àwọn tó ń pín fídíò yẹn a máa sọ pé ayé Constantine ni wọ́n kọ odindi Bíbélì tó pẹ́ jù lọ. Ẹ̀dà nìyẹn, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́. Àwọn ewé pápírọ́ọ̀sì, irú bébà àtijọ́, ti lẹ́tà Pọ́ọ̀lù tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ọdún 200 wà ní Dublin àti ní Yunifásítì Michigan, orí 15 tí mò ń wí yìí sì wà nínú wọn.

Ó dáa, òkúta Delphi ò lè fi han ẹnikẹ́ni pé òkú dìde, ti ìgbàgbọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí Jákọ́bù. Jòhánù orí 7 sọ pé àwọn arákùnrin Jésù ò gbà á gbọ́. Nígbà tó yá, Jákọ́bù yìí di olórí ìjọ Jerúsálẹ́mù, Josephus, òpìtàn Júù tí kì í ṣe Kristẹni, sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n sọ ọ́ lókùúta pa ní nǹkan bí ọdún 62. Kí ló yí i padà? Ta ló ń kú nítorí àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n tí kò kà sí tẹ́lẹ̀?

Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ò jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré: bí a kò bá jí Kristi dìde, asán ni ìgbàgbọ́ yín. Nítorí náà mi ò lè gba ti àwọn tó ń sọ pé bó jíǹde bí kò jíǹde, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣáà dára. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí a sin ìyá mi. Amọ̀ pupa lẹ̀ mọ́ bàtà mi, orí 15 yẹn ni àlùfáà dúró létí sàréè tó ń kà, ohun tí mo sì gbé ọkàn lé lọ sílé nìyẹn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá ẹgbẹ́ abẹ̀wò ìjọ wa lọ sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn. Mo ti di ọwọ́ ẹni tó mọ̀ pé òun ò ní rí oṣù tó ń bọ̀, tó wò mí lójú, tó bi mí bóyá òótọ́ ni. Bó bá jẹ́ ìgbìmọ̀ ọba kan ló jókòó dá a sílẹ̀, a jẹ́ pé irọ́ ni mo ń pa fún wọn lórí ibùsùn ikú wọn. Mi ò parọ́ fún wọn.