Ẹni Tó Lẹrú Ló Lẹrù: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Orúkọ Lórí Ayélujára

Àwọn àgbà ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Ayé ìgbà tí ènìyàn ń fi ènìyàn ṣẹrú ni òwe náà ti wá, ayé tí a kò gbàdúrà kí ó padà wá mọ́, ṣùgbọ́n òye inú rẹ̀ kò tíì gbó. Bí ẹrú bá ru igbá ọjà, ì báà jẹ́ pé òógùn ojú rẹ̀ ni ó fi kó ohun inú igbá náà jọ, ẹni tí ó bá rà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ gbọ́ sí i ti fi owó ra ẹjọ́. N kò mọ òwe tí ó bá ọ̀rọ̀ rírà àti títà orúkọ lórí ìkànnì ayélujára mu tó èyí, nítorí pé ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tà níbẹ̀ kì í ṣe tiwọn, àwọn tí ń rà á sì ń sanwó gọbọi lé ohun tí ẹlòmíràn lè gbà lọ́wọ́ wọn nígbàkigbà.

Orúkọ tí mo ń sọ ni èyí tí àmì @ máa ń ṣáájú, tí a fi ń dá ẹnì kan mọ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn lórí Instagram, X (tí ó ń jẹ́ Twitter tẹ́lẹ̀), TikTok, Telegram àti irú wọn. Lórí ìkànnì kan ṣoṣo, ènìyàn méjì kò lè jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni ó mú un. Nígbà tí Twitter bẹ̀rẹ̀ ní 2006, tí Instagram sì tẹ̀ lé e ní 2010, àwọn tí ó tètè dé mú àwọn orúkọ kúkúrú, lẹ́tà kan tàbí méjì, orúkọ ìlú, orúkọ ẹranko, orúkọ tí gbogbo ayé ń jẹ́. Àwọn tí ó wà nínú òwò náà ń pe irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní OG. Ẹni tí ó bá dé lẹ́yìn yóò bá àwọn tí ó ṣẹ́ kù, tí a ní láti fi nọ́ńbà àti ìlà mú gùn kí ó tó gbà. Láti inú ìyẹn ni òwò ti yọ, tí àwọn alárinà sì yọjú, alágbàtà tí ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Àwọn kan ń wá orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn tí ẹlòmíràn ti mú, àwọn kan ń wá orúkọ kúkúrú fún iyì, àwọn mìíràn sì ń wá àkáǹtì tí ó ti ní ọmọlẹ́yìn lọ́pọ̀ yanturu, kí wọ́n má baà bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Mo mọ ohun tí ń dun ọkọ̀ọ̀kan wọn, n kò sì ní fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, nítorí pé ẹni tí ó ti fi ọdún mẹ́wàá kọ́ ilé-iṣẹ́ kan, tí ó wá bá orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò fi ṣe ohunkóhun, kò lè ṣe kí inú má bí i.

Ṣùgbọ́n ta ni ó lẹrú? Àdéhùn tí a máa ń tẹ “mo gbà” sí láìkà á ni ó dáhùn ìbéèrè yìí. Àdéhùn Instagram sọ ọ́ kedere pé ènìyàn kò gbọdọ̀ ta àkáǹtì, kò sì gbọdọ̀ rà á. Òfin Twitter, kí ó tó di X, sọ pé ẹni tí ó bá gbìyànjú láti ta orúkọ, láti rà á tàbí láti béèrè owó lórí rẹ̀ lè pàdánù àkáǹtì rẹ̀ pátápátá. Ohun tí a fún wa ni àyè láti máa lo orúkọ náà, gẹ́gẹ́ bí ayálégbé ṣe ń lo yàrá. Ó lè kun ún ní ọ̀dà, ó lè gba àlejò sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè tà á.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2023, nígbà tí Twitter yí orúkọ rẹ̀ padà sí X. Ayàwòrán kan ní ìlú San Francisco ti ń jẹ́ @x láti ọdún 2007, ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko. Ilé-iṣẹ́ náà gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ̀wé sí i pé tiwọn ni. Owó kankan kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ ni àwọn ẹ̀bùn tí a tẹ àmì ilé-iṣẹ́ sí àti ànfààní láti wá bẹ ọ́fíìsì wọn wò. Láìpẹ́ sí ìgbà náà, wọ́n tún gba @music lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ọmọlẹ́yìn jọ sórí rẹ̀. Kò sí èyí tí ó ṣẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tó lẹrú ni ó wá gbé ẹrù rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba orúkọ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, báwo ni yóò ti rí fún ẹni tí ó fi owó rà á lábẹ́lẹ̀ lòdì sí òfin onílé?

Ibi tí olówó ẹrú fúnra rẹ̀ bá ti ṣílẹ̀kùn ọjà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, ó sì tọ́ kí n sọ ọ́. Láti ìparí ọdún 2022 ni Telegram ti fi ọwọ́ sí i pé kí a máa gbé orúkọ sórí gbàǹjo ní ojú ọjà kan tí ń jẹ́ Fragment, níbi tí ìwé àkọsílẹ̀ gbangba ti ń fi hàn ẹni tí orúkọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2025, X náà kéde ọjà tirẹ̀ fún àwọn orúkọ tí ẹni tí ó mú wọn kò lò mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù, èyí tí ó máa ń parí sí .com tàbí .org, ti ní ọ̀nà tí ó tọ́ tí a ń gbà tà á láti ọwọ́ ẹnì kan sí òmíràn, tí ICANN, àjọ tí ń bójú tó irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àgbáyé, sì ti fi ìlànà lélẹ̀ láti 1999 fún ẹni tí orúkọ ọjà rẹ̀ tí òfin mọ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó mú un láti fi gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ rà kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni bóyá ìkànnì náà gbà kí a tà á. Bí kò bá gbà, ìbéèrè yòókù kò wúlò.

Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń ya àwòrán fún àwọn oníṣẹ̀ṣẹ̀gbéyàwó. Ó rí àkáǹtì kan tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu bí ẹni pé nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀, tí ó sì ti ní ọmọlẹ́yìn tó ẹgbẹ̀rún méjìlá. Ó sanwó fún ẹni tí ó ń tà á. Olùtà fi ọ̀rọ̀ aṣínà ránṣẹ́, ọmọ náà yí i padà lójú ẹsẹ̀, ó yí ímeèlì padà, ó yí nọ́ńbà fóònù padà, ó sì pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà pé kí n wo orúkọ òun tuntun. Inú mi dùn sí i, nítorí pé èmi náà kò mọ̀ nígbà yẹn. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, ní ìdájí, ó ṣí fóònù rẹ̀, àkáǹtì náà ti lé e síta. Ó tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, ó ní kò tọ́. Ó tún un tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ìka rẹ̀ ni ó ṣì í ṣe. Olùtà ti lo ímeèlì tí ó fi ṣí àkáǹtì náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ láti sọ fún ilé-iṣẹ́ pé wọ́n jí àkáǹtì òun, wọ́n sì dá a padà fún un. Àwọn àgbà ní bí ojú bá yẹ ojú, kí ohùn má yẹ ohùn. Ṣùgbọ́n ojú ẹni yìí kò tilẹ̀ kan tirẹ̀ rí.

Ó gbé fóònù náà wá bá mi ní ọ̀sán. Fọ́ọ̀mù ìfẹ̀sùn ilé-iṣẹ́ náà wà lójú rẹ̀, ó sì ń béèrè ímeèlì tí a fi ṣí àkáǹtì, àti ọjọ́ tí a ṣí i. Ó wo ojú mi, ó ní, “Àǹtí, kí ni kí n kọ síbí?” N kò rí nǹkan kan fi dá a lóhùn. Bí ó bá kọ irọ́, wọn yóò mọ̀. Bí ó bá kọ òótọ́ pé òun rà á ni, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun rú òfin. Ìyà tí ó wà nínú òwò yìí nìyẹn: ẹni tí a jà lólè kò ní ibi tí ó lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọlẹ́yìn náà kò sì ṣe é láǹfààní kankan ní gbogbo ọjọ́ tí ó fi lò wọ́n, nítorí pé aṣọ àgbàbọ̀ kì í yẹ ni. Àwọn ènìyàn tí ó wá nítorí ohun mìíràn kò mọ̀ ọ́n. Bí ó ti ń gbé àwòrán sórí rẹ̀ ni wọ́n ń fi í sílẹ̀.

Èyí tí ó ń dà mí láàmú jù lọ ni ibi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí ti ń wá. Ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tí yóò dúró ní ìsàlẹ̀ láti fi ọwọ́ gba epo, olè kò ní gun àjà. Ní 2014, ọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ @N lórí Twitter, lẹ́tà kan péré, sọ fún ayé bí gbájúẹ̀ kan ṣe gba àkóso àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù òun, tí ó sì halẹ̀ mọ́ òun títí òun fi jọ̀wọ́ orúkọ náà. Ó ní ẹnì kan ti fi $50,000 lọ òun rí lórí rẹ̀. Orúkọ náà padà sọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń rí irú rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kan tan àwọn òṣìṣẹ́ Twitter jẹ lórí fóònù tí wọ́n sì wọ inú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà, orúkọ kúkúrú ni wọ́n kọ́kọ́ ń jí tà kí wọ́n tó gba àkáǹtì Barack Obama, Joe Biden, Elon Musk àti Bill Gates láti fi lu àwọn ènìyàn ní jìbìtì bitcoin. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni ẹni tí ó ṣáájú wọn, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni ó sì gbà.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020 kan náà, àwọn kan fẹ́ gba orúkọ @Tennessee lọ́wọ́ ọkùnrin ẹni ọgọ́ta ọdún kan ní ìpínlẹ̀ Tennessee, ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí kò gbà, wọ́n pe ọlọ́pàá, wọ́n parọ́ pé wọ́n ti pa ènìyàn ní ilé rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá yí ilé náà ká pẹ̀lú ìbọn, ọkàn ọkùnrin náà dáṣẹ́ sílẹ̀, ó sì kú. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbìmọ̀ náà gba ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ní 2021. Orúkọ lórí fóònù ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, nítorí pé ẹnì kan wà níbì kan tí yóò ra orúkọ náà láìbéèrè ibi tí ó ti wá. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, Instagram, Twitter àti TikTok jọ gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú àwọn orúkọ tí wọ́n jí bẹ́ẹ̀ padà.

Kí ni kí ẹni tí ó nílò orúkọ wá ṣe? Kí ó yan orúkọ tí kò tíì sí ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ kí ó tó tẹ̀ ẹ́ sára ohunkóhun, kí ó sì gbà á lórí gbogbo ìkànnì lọ́jọ́ kan náà, àti èyí tí ó ń lò àti èyí tí kò lò. Bí orúkọ náà bá ti lọ, kí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ kún un. Bí ó bá ti forúkọ ọjà rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, tí ẹlòmíràn sì ń fi orúkọ náà tan oníbàárà jẹ, ìkànnì kọ̀ọ̀kan ní fọ́ọ̀mù tí a fi ń fẹ̀sùn irú rẹ̀ kàn. Ó máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀nà tí kò ní dójú tini. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní orúkọ tí àwọn ènìyàn ń lé, ẹ má ṣe dá ẹni tí ó bá kọ̀wé pé òun fẹ́ rà á lóhùn, ẹ má sì ka nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ó bá wọ fóònù yín sétí ẹnikẹ́ni, ì báà pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́. Ẹ lo ápù tí ń pèsè nọ́ńbà ìdánimọ̀ dípò èyí tí ń gba orí SIM wọlé, nítorí pé olè lè tan ilé-iṣẹ́ fóònù jẹ kí wọ́n gbé nọ́ńbà yín sórí SIM tirẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò rí owó rẹ̀ gbà. Ó ṣí àkáǹtì mìíràn ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó fi orúkọ ara rẹ̀ ṣáájú, ó sì fi iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó gùn ju èyí tí ó rà lọ ní lẹ́tà mẹ́sàn-án. Kí ó tó gbé àwòrán àkọ́kọ́ sórí rẹ̀, ó kọ ímeèlì tí ó fi ṣí i àti ọjọ́ tí ó ṣí i sínú ìwé kan, ó sì fún mi tọ́jú.